Ojú Tí A Bó: Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ Títí Yóò Fi San

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa ní Tarauni, Kano)

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a fi ayọ̀ relé.

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí ẹnu kì í fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ojú tí a fi ásíìdì àti ìpara bó nínú ilé, àti bí a ṣe lè tọ́jú irú ojú bẹ́ẹ̀ títí yóò fi san. Èmi kì í ṣe dókítà. Ọjà ni mo ń tà, ìwé ẹgbẹ́ ni mo ń kọ, ìwé mẹ́fà ni mo sì kà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ohun tí àwọn dókítà awọ ara ń kọ́ni ni, ẹnikẹ́ni sì lè lọ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. N kò wá bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí iná jó, omi ni à ń bù fún un. A kì í dúró tì í kí a máa bá a jà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló kan ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ojú olójú? Ó kàn wá púpọ̀. Bí ọdún bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìbáà ṣe Iléyá, ìbáà ṣe Kérésìmesì, a ó bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ mọ́ fún Ògbómọ̀ṣọ́, fún Ọ̀fà, fún Ìlọrin, fún Òṣogbo. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ará ilé ń wo ojú ẹni tí ó ti Òkè Ọya dé. Bí ojú bá ń dán, wọ́n á ní àjò gbè é. Bí ojú bá ṣú, wọ́n á ní oòrùn Kano ti pa á. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń sáré wá ohun tí yóò bó ojú kíákíá kí mọ́tò tó gbéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọge tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń ṣe é o. Ẹ má jẹ́ kí a dá a lé obìnrin nìkan lórí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí awọ. Awọ ara wa ní ìpele. Ìpele òkè ń kú, ó ń re dànù díẹ̀díẹ̀, tuntun sì ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí tuntun tó dé òkè. Ásíìdì tí wọ́n fi ń bó ojú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní glycolic, salicylic tàbí TCA, ṣe ni ó ń jó ìpele òkè kúrò kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Lọ́wọ́ dókítà, wọ́n ń wọn agbára rẹ̀, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú rẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọn yóò dá a dúró. Nínú ilé, a kì í mọ ohun tí ó wà nínú ìgò, a kì í sì mọ bí ó ti le tó. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ FDA tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún ará ìlú wọn pé kí wọ́n má ṣe ra ásíìdì líle tí a fi ń bó ojú láti máa lò ó fúnra wọn nílé, nítorí pé ó lè jó awọ, ó sì lè fi àpá sílẹ̀. Bí àwọn tí ó ní dókítà púpọ̀ bá ń bẹ̀rù rẹ̀, ó yẹ kí àwa náà ronú.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú jù. Nínú awọ wa ni ohun tí ń mú wa dú wà. Mẹ́lánínì ni wọ́n ń pè é. Ó dà bí agboòrùn tí Ọlọ́run ta bo ẹran ara wa. Bí awọ bá fara gbọgbẹ́, mẹ́lánínì a máa jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdí nìyẹn tí ojú tí a bó kí ó lè pọ́n fi ń padà dú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní abẹ́ ojú àti ní iwájú orí. Ẹni tí ó bá rí dúdú yìí a ní ìpara tòun kò lágbára tó, a sì lọ ra èyí tí ó le jù ú lọ. Yóò tún jó, yóò tún dú. Bí ojú ṣe ń bàjẹ́ títí tí kò fi ní ṣeé tún ṣe mọ́ nìyẹn.

Ẹ fetí sí mi níbí, nítorí pé ìdí ọ̀rọ̀ mi nìyí: ohun tí a fi lé ojú ní ọjọ́ kẹta lè ba ojú jẹ́ ju ohun tí a fi bó o ní ọjọ́ kìíní lọ. Awọ mọ bí ó ti í tún ara rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tiwa ni kí a má dí i lọ́wọ́. Nísinsìnyí, n ó to ìtọ́jú náà lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní ni wákàtí àkọ́kọ́. Bí ohun tí o fi sójú bá ń ta ọ́ kọjá ààlà, tàbí tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí wú, tí ó ń lé ròrò, tàbí tí ó ń funfun, má ṣe dúró de iye ìṣẹ́jú tí ẹni tí ó tà á fún ọ sọ. Bọ́ sídìí omi. Jẹ́ kí omi tútù tí ó mọ́ máa ṣàn lé e lórí fún 20 ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ẹ̀yin tí kò ní ẹ̀rọ omi nílé, ẹ da omi tí ẹ rà lọ́wọ́ mai ruwa sí i. Ẹ má ṣọ́ owó omi ní ọjọ́ yẹn, ojú wọ́n ju omi lọ. Bí ó bá ta sínú ẹyinjú, ẹ fi omi ṣàn án bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ láìdúró. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pé ẹ fẹ́ pa agbára rẹ̀. Ẹ má fi ẹyin, epo pupa, ọṣẹ ìfọyín, kẹrosíìnì tàbí iyọ̀ sí i.

Èkejì ni ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́. Ojú yóò le, yóò máa fà, ó sì lè pọ́n tàbí kí ó dú ju ti tẹ́lẹ̀. Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó fọwọ́ kàn án. Fi omi tí ó mọ́ fọ ojú láàárọ̀ àti lálẹ́; bí ó bá jẹ́ omi kànga, sè é kí o jẹ́ kí ó tutù. Ọṣẹ tí kò le, tí kò ní òórùn dídùn, ni kí o lò, ìka ọwọ́ nìkan ni kí o sì fi fọ̀ ọ́. Gbé kànìnkànìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọṣẹ abóra, ọṣẹ tí a fi ń pa kòkòrò, àti ọṣẹ dúdú pàápàá, kí gbogbo wọn sinmi. Fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kí ó gbẹ, má ṣe nù ún gbàràgbàrà. Lẹ́yìn náà, fi faasilíìnì lásán pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó má baà gbẹ. Bí ó bá ń dùn ọ́, parasitamọ́ọ̀lù tó, bí wọ́n ti kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Kò sí àtíkè, kò sí lọ́fíńdà, kò sí ìpara mìíràn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí abẹ ìfárùngbọ̀n sinmi.

Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí awọ bá ń re. Bíbó tí kò wọlé a máa san láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí ó wọlé díẹ̀ a gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èyí tí ó jìn lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, awọ yóò máa ṣí, ọwọ́ yóò sì máa yún ènìyàn láti fà á. Ẹ má fà á o. Ẹ má ṣí èépá. Èépá yẹn ni ìlẹ̀kùn tí awọ tuntun ti pa mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí i ní tipátipá, àpá ni yóò bá níbẹ̀. Ẹni tí ń din àkàrà tàbí tí ń yan ẹja, kí ó bẹ ọmọ tàbí aládùúgbò kan kí ó bá òun dúró níwájú iná fún ọjọ́ wọ̀nyẹn, nítorí ooru kì í jẹ́ kí irú ojú bẹ́ẹ̀ sinmi.

Ẹ̀kẹrin ni oòrùn. Awọ tuntun kò tíì mọ oòrùn, oòrùn Kano kò sì mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má ṣe jókòó sínú oòrùn láàárín agogo 10 àárọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Bí ọjà kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ta agboòrùn, ẹ fi ìborùn tàbí hijabu ṣíji bo ojú, kí ọkùnrin dé fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò. Nígbà tí ojú bá ti dì pátápátá, tí kò sí egbò mọ́, ẹ lè máa lo ìpara tí ń dènà oòrùn, tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì méjì bí ẹ bá wà níta. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Ọyẹ́ ìhín a máa fa omi ara gbẹ. Ẹ máa fi faasilíìnì tàbí òrí tí ó mọ́ pa ojú tí ó ti dì, ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni sùúrù. Bí ojú bá ti san tí ó sì ku àmì dúdú, ẹ má bá a jà. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó parẹ́. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀rẹ́ yóò wá sọ pé òun mọ ìpara kan tí yóò kó o kúrò lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹ dá a lóhùn pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára.

Àwọn àmì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi sùúrù dá dúró nílé. Bí ojú bá ń yọ ọyún, tàbí tí ó ní èépá tí ó pọ́n bí oyin. Bí ibà bá dé. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kí ó máa dínkù. Bí ojú bá lé ròrò. Bí ojú bá wú débi pé ẹyinjú kò fẹ́ là. Bí awọ bá funfun tí ó le bí awọ bàtà. Tàbí bí egbò kò bá dì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀nà kò jìn. Ilé ìwòsàn ńlá Aminu Kano wà ní Tarauni wa níbí, ní ọ̀nà Zaria. Ẹ béèrè dókítà awọ ara. Ẹ mú ìgò tàbí ike tí ẹ lò dání, bí kò tilẹ̀ ní orúkọ lára, kí ẹ sì sọ òótọ́ iye oṣù tí ẹ ti ń lò ó. Dókítà kò lè wo ohun tí a fi pamọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tí ó ti ń lo ìpara abóra fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó fi ásíìdì kún un. Púpọ̀ nínú ìpara wọ̀nyí ni ó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú. Bí ènìyàn bá dá a dúró lójijì, ojú lè pọ́n, kí ó máa jó, kí ó máa yún, kí ó sì sú. Ẹni náà a rò pé awọ òun kò lè ṣe kí ó má lò ó, a sì padà sídìí rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ń béèrè ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n lára ni. Dókítà mọ bí a ṣe ń já a kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́, nítorí pé sítẹ́rọ́ọ̀dù tí a pa fún ìgbà pípẹ́ a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́. Ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe abẹ ìbímọ, awọ lè ṣàìgba okùn ìránṣọ, ojú ọgbẹ́ a sì pẹ́ kí ó tó jinná.

Ẹ lè ní ẹ̀rù ni mo ń dá bà yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ìlú awọ ni à ń gbé. Ó yẹ kí ìtàn yìí yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Ní 1939, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ awọ tí ọwọ́ wọn ṣàdédé ń funfun. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́ ni ó fà á. Kẹ́míkà kan wà nínú rọ́bà náà, ẹbí hydroquinone ni. Ohun tí ó jẹ́ jàǹbá fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ni àwọn oníṣòwò sọ di oògùn ẹwà. Ní 1975, wọ́n kọ ìwé ní South Africa nípa àwọn tí hydroquinone sọ ojú wọn di dúdú bí aró, tí ó sì le. Ní 1990, ìjọba ibẹ̀ fi òfin de ìpara abóra. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi ti kọ̀wé pé mákúrì inú ìpara abóra ń ba kíndìnrín àwọn obìnrin jẹ́. Mákúrì yìí kì í mọ sára ẹni tí ó pa á. Ó ń fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ ilé, ọmọdé sì ń fà á símú.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Fẹlá kọ orin lórí rẹ̀ ní 1976, àwa ń jó sí i, a kò gbọ́ ohun tí ó wí. Ní 2011, ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde sọ pé bí a bá kó 100 obìnrin Nàìjíríà jọ, 77 nínú wọn ni ó ń lo ohun abóra déédéé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yétúndé Mercy Olúmìdé, dókítà awọ ara, kọ odindi ìwé lórí ọ̀ràn náà ní 2016. Ní 2019, NAFDAC gbé òfin jáde tí ó ka ohun abóra léèwọ̀ nínú ìpara. Ní oṣù Kejì 2023, ní Kano wa níbí, NAFDAC pe àwọn oníròyìn jọ, ó sì kéde pé ọ̀rọ̀ ìpara abóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì. Ilẹ̀kùn wa ni wọ́n ti kàn. A kò lè sọ pé a kò gbọ́.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi oníṣòwò. Ọmọ ẹgbẹ́ wa wà nínú àwọn tí ń ta ìpara ní Sabon Gari, mo sì mọ̀ pé èrè wà níbẹ̀. Èmi náà ń wá èrè. Ṣùgbọ́n ọjà tí oníbàárà bá rà tí kò lè fi ojú rẹ̀ jáde mọ́, owó rẹ̀ kò ní ìbùkún. Ẹ má ta ohun tí kò ní orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC lára. Ẹ má po ìpara oríṣiríṣi pọ̀ nínú abọ́ kí ẹ wá pè é ní ti ewé àti egbò. Bí ẹnìkan bá wá bá yín pẹ̀lú ojú tí ó ti jó, ẹ má ta òmíràn fún un. Ẹ júwe ilé ìwòsàn fún un. Òrí wà, àdí àgbọn wà, faasilíìnì wà. Ìyá wa àgbà fi osùn àti làálì ṣe ẹwà láyé wọn, awọ wọn kò bó.

Ní ìparí, mo ní ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbà wọlé. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú tí ó bó ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé yìí tàbí ní ọjà. Ìtìjú ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn fara pamọ́ sínú yàrá títí egbò yóò fi di ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èkejì, kí ìyá ẹgbẹ́ yan obìnrin méjì tí yóò máa tẹ̀lé ẹni tí ó bá nílò ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn, pàápàá ẹni tí Hausa kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu, kí àpò ìrànlọ́wọ́ wa sì lè yá a ní owó káàdì. Ẹ̀kẹta, kí a pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan wá bá wa sọ̀rọ̀ kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí àwọn tí ó ní ìbéèrè lè bi í.

Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin, ará ilé tí ó bá fẹ́ràn yín, ohùn yín ni yóò fi dá yín mọ̀ ní ìdíkọ̀, kò ní í wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pọ́n tó. Adúmáadán ni à ń fi kí ẹni tí ó dú tí ó ń dán. Oríkì ni, èébú kọ́. Ẹ jẹ́ kí a kó ojú tí a bí mọ́ wa relé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo egbò wa jinná, kí ó jẹ́ kí ọjà tà, kí ó sì mú gbogbo wa délé láyọ̀. Àmín.